Omi Ló Ń Pa Ọjà Ikóòkò

Ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ ń kọ́lé sí Ayewa níbí, mo rí àwọn òdòdó tẹ́ ẹ ń kó bọ̀ láti Abuja àti Lọ́kọ́ja. Wọ́n rẹwà. Ṣùgbọ́n kí ọyẹ́ tó kásẹ̀ nílẹ̀, wọ́n á ti gbẹ, ẹni tó yẹ kó bomi rin wọ́n á sì ti padà síbi iṣẹ́.

Ọ̀kan nínú yín ń bi mí léèrè yucca tó rí nínú fọ́tò. Aṣálẹ̀ Mẹ́síkò àti Amẹ́ríkà ló ni ìyẹn. Ìbátan rẹ̀ tó jẹ́ tiwa ń bẹ nínú igbó ẹ̀yìnkùlé: ọjà ikóòkò. Ìdílé kan náà làwọn onímọ̀ ewéko kó wọn sí, pèrègún náà sì wà níbẹ̀. Lọ́sàn-án, ọjà ikóòkò a pa ihò ara ewé rẹ̀ dé. Alẹ́, nígbà tí ojú ọjọ́ bá tutù, ló ń ṣí i láti mí. Oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn kì í fi bẹ́ẹ̀ rí omi fà lára rẹ̀. Ewé rẹ̀ náà ni wọ́n ń fi ṣe okùn dáadáa, kí okùn ọ̀rá tó gbòde.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ gbìn ín, ẹ wa ìdí rẹ̀. Gbòǹgbò nípọn kan ń rìn lábẹ́ ilẹ̀; ẹ fi ọ̀bẹ mímú gé e, kí ewé wà lára ègé kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ síbòòji fún ọjọ́ 3 tàbí 4 kí ojú ọgbẹ́ gbẹ. Ẹni tó bá gbìn ín ní tútù, òkú ló ń sin. Ewé lásán náà ń hù, àmọ́ ó ń falẹ̀, ẹ má sì dorí rẹ̀ kodò. Èyí tó ní ìlà yẹ́lò létí ewé, ìdí rẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ pín. Bẹ́ ẹ bá fi ewé gbìn ín, ìlà yẹn ò ní bá a jáde.

Ẹ po iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ ilẹ̀, kẹ́ ẹ gbìn ín sórí ebè. Lẹ́yìn náà, ẹ fi í sílẹ̀! Ọmọkùnrin kan ládùúgbò wa ń bu ife omi kan sí tirẹ̀ láràárọ̀. Ewé ṣì dúró ṣánṣán, àfìgbà tó fọwọ́ kàn án tó yọ sí i lọ́wọ́: ìdí ti rà, ó ń rùn. Lẹ́ẹ̀rùn, ẹ ti ìka bọ ilẹ̀ kẹ́ ẹ tó bomi. Bó bá tutù, ẹ kọjá lọ. Lójò, Ọlọ́run ń bomi rin ín. Ẹ má sì jẹ́ kọ́mọdé jẹ ewé rẹ̀, ó ń fa èébì.

Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ mú ọkọ́ wá sẹ́yìnkùlé mi. Ó pọ̀ níbẹ̀, n ò sì ní gbowó.