OLYMPIA: ÀWỌN ÈRE TÍ OWÓ ÌTANRÀN RÀ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń dúró níwájú pátákó yìí nígbà ìsinmi, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún péré.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa bẹ̀rẹ̀ ìgbáradì fún ìdíje àwọn háọ̀sì. Lọ́dún tó kọjá, háọ̀sì kan mú ọmọkùnrin kan wá láti ìta, wọ́n wọ aṣọ háọ̀sì fún un, ó sáré, ó sì gba ipò kìíní. Háọ̀sì tèmi ni. Mo mọ̀ pé kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ wa, síbẹ̀ mo wà lára àwọn tó ń pariwo, tó ń pàtẹ́wọ́. Ìgbà tí mo ń ka ìtàn Olympia ni ọ̀rọ̀ yẹn padà wá sí mi lọ́kàn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ká jọ kọ́ ọ.

NÍBO NI OLYMPIA WÀ?

Olympia wà ní apá ìwọ̀ oòrùn Peloponnese, ní gúúsù ilẹ̀ Gíríìsì, níbi tí odò Kladeos ti wọnú odò Alpheios, lẹ́sẹ̀ òkè kékeré kan tí wọ́n ń pè ní òkè Kronos. Kì í ṣe ìlú táwọn èèyàn kàn ń gbé o, ojúbọ ni. Igbó mímọ́ kan tó ń jẹ́ Altis ló wà láàárín rẹ̀. Zeus, olórí àwọn òrìṣà wọn, ló ni ín. Hera ìyàwó rẹ̀ náà ní tẹ́ḿpìlì tirẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ará Elis ló ń bójú tó gbogbo rẹ̀.

ÌDÍJE TÓ JẸ́ ÌSÌN

Ọdún 776 kí wọ́n tó bí Jésù ni àwọn ará Gíríìsì kà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìdíje náà. Wọ́n ní eré sísá kan ṣoṣo ló wà nígbà yẹn, láti ìpẹ̀kun pápá kan dé ìkejì, nǹkan bíi mítà 192. Koroibos ará Elis ló borí. Kúùkù ni wọ́n pe iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n fi ìjàkadì, ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, eré kẹ̀kẹ́ ẹṣin àti àwọn mìíràn kún un. Ọdún mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n ń ṣe é.

Ohun tó yẹ ká fi sọ́kàn ni pé kì í ṣe eré lásán. Ọdún òrìṣà ni. Wọ́n máa ń pa ọgọ́rùn-ún màlúù fún Zeus nígbà ọdún náà. Ẹni tó borí kì í gba owó ní Olympia. Adé ewé ólífì ni wọ́n ń dé e, láti ara igi kan tó wà nínú igbó mímọ́ náà.

Kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, ìbúra wà. Ère Zeus kan dúró nínú gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀, ó di àrá mú lọ́wọ́ méjèèjì. Iwájú rẹ̀ ni àwọn eléré ti ń búra lórí ẹran akọ ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n gé, pé àwọn ò ní ṣe èrú. Kì í ṣe àwọn nìkan: bàbá wọn ń búra, àwọn arákùnrin wọn ń búra, kóòṣì wọn náà ń búra. Eléré tún máa ń búra pé òun ti fi oṣù mẹ́wàá gbáko gbáradì. Torí náà, ẹni tó bá ṣe màgòmágó, kì í ṣe àwọn tí wọ́n jọ díje nìkan ló rẹ́ jẹ. Ó parọ́ lójú ẹni tó di àrá mú.

ÌTÀN TÓ WÀ LÓJÚ TẸ́ḾPÌLÌ

Nǹkan bí ọdún 457 kí wọ́n tó bí Jésù ni wọ́n parí tẹ́ḿpìlì ńlá Zeus. Lẹ́yìn náà ni Pheidias wá ṣe ère Zeus sínú rẹ̀, wúrà àti eyín erin ni, ó jókòó lórí ìtẹ́, gíga rẹ̀ sì tó mítà 12. Wọ́n kà á mọ́ ohun ìyanu méje ayé àtijọ́. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé tó bá dìde dúró, òrùlé á ṣí. Ère náà ti parun, àmọ́ àwọn awalẹ̀pìtàn ti rí ṣọ́ọ̀bù tí Pheidias ti ṣe é.

Lókè, níwájú tẹ́ḿpìlì náà, wọ́n gbẹ́ Pelops àti ọba Oinomaos bí wọ́n ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ eré kẹ̀kẹ́ ẹṣin. Ìtàn ọ̀hún lọ báyìí. Oinomaos gbọ́ pé ọkọ ọmọ òun ló máa pa òun. Ló bá ní ẹni tó bá fẹ́ fẹ́ Hippodameia ọmọ òun gbọ́dọ̀ bá òun sáré kẹ̀kẹ́ ẹṣin, ẹni tí òun bá lé bá, pípa ni. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́kùnrin ló bá a lọ.

Nígbà tó kan Pelops, àwọn kan ní Poseidon, òrìṣà òkun, ló fún un ní ẹṣin oníyẹ̀ẹ́. Àwọn mìíràn ní rárá, ó fi ìlérí ra Myrtilos tó ń wa kẹ̀kẹ́ ọba ni. Myrtilos yọ irin tó di ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ mú, ó fi ìda oyin rọ́pò rẹ̀. Bí eré ṣe ń gbóná, ìda yọ́, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ yọ, ọba ṣubú, ó kú. Pelops gbé ìyàwó lọ. Nígbà tí Myrtilos ní kó san ohun tó ṣèlérí, Pelops tì í sínú òkun, Myrtilos sì gbé e ṣépè kó tó kú. Wọ́n ní èpè yẹn ló ja Atreus ọmọ rẹ̀ àti Agamemnon ọmọ-ọmọ rẹ̀.

Àwọn ará Gíríìsì mọ ìtàn méjèèjì, síbẹ̀ wọ́n ń rúbọ fún Pelops nínú Altis. Àwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tí ife bá ti wọlé, a kì í bèèrè ọ̀nà tó gbà wọlé.

ÀWỌN ÈRE OJÚ Ọ̀NÀ

Àmọ́ àwọn adájọ́ Olympia ò gbà fún ẹ̀dá èèyàn bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 388 kí wọ́n tó bí Jésù, akànṣẹ́ kan láti Thessaly, Eupolos, fún mẹ́ta nínú àwọn tó bá a díje ní rìbá. Ọ̀kan nínú wọn, Phormion, ló borí ní ìdíje tó ṣáájú. Àṣírí tú. Wọ́n bu owó ìtanràn lé àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n sì fi owó náà rọ ère idẹ mẹ́fà fún Zeus. Zanes ni wọ́n ń pè wọ́n, ìyẹn ni "àwọn Zeus". Wọ́n kọ ọ́ sára ọ̀kan pé ẹsẹ̀ tó yá àti ara tó lágbára ni wọ́n fi ń borí ní Olympia, kì í ṣe owó.

Ní ọdún 332, Kallippos ará Athens tún ra àwọn tí wọ́n jọ díje. Athens rán Hypereides, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wọn tó gbajúmọ̀, lọ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fojú fo owó náà. Àwọn ará Elis kọ̀. Athens náà ò san, wọn ò sì wá sí ìdíje mọ́, títí ojúbọ Apollo ní Delphi fi sọ fún wọn pé òun ò ní dá wọn lóhùn lórí ọ̀rọ̀ kankan àyàfi tí wọ́n bá san án. Wọ́n san án. Ère mẹ́fà mìíràn tún dúró.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ọdún 12 kí wọ́n tó bí Jésù. Damonikos ará Elis fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ Polyktor borí nínú ìjàkadì, ló bá fún bàbá ọmọ kejì lówó. Àwọn bàbá méjèèjì ni wọ́n bu owó ìtanràn lé, torí àwọn ló ṣe é.

Ẹ wo ibi tí wọ́n to àwọn ère náà sí: ojú ọ̀nà tó lọ sí ẹnu pápá. Eléré tó ń lọ sáré máa gba iwájú wọn kọjá. Ní ọ̀rúndún kejì lẹ́yìn ìbí Jésù, arìnrìn-àjò kan tó ń jẹ́ Pausanias dé ibẹ̀, ó kọ orúkọ àwọn oníjìbìtì náà sínú ìwé rẹ̀. Idẹ ti lọ, àmọ́ òkúta ìdí ère 16 ṣì wà níbẹ̀ dòní.

KÍ NI KÁ MÚ LỌ SÍLÉ?

Eupolos fẹ́ kí orúkọ òun máà parẹ́. Kò parẹ́ lóòótọ́, àmọ́ orúkọ arúfin ló ń jẹ́ láti nǹkan bí 2,400 ọdún.

Ẹni tó gba ipò kejì lọ́dún tó kọjá wà láàárín wa. Òun ló yẹ kó gba ipò kìíní. Mi ò lówó tí mo lè fi rọ ère, pátákó yìí ni mo ní: ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mo pàtẹ́wọ́ fún ẹni tí kò yẹ. Lọ́dún yìí, tí háọ̀sì mi bá tún mú ẹnikẹ́ni wá láti ìta, èmi fúnra mi ni máa lọ sọ fún olùkọ́ eré ìdárayá.

ÌBÉÈRÈ (Ẹ mú ìdáhùn wá fún ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn kó tó di ọjọ́ Jímọ̀.)
1. Kí ni Zanes, níbo ni wọ́n sì to wọ́n sí?
2. Kí ló dé tí wọ́n fi ń mú bàbá àti kóòṣì búra?
3. Nínú ìtàn Pelops méjèèjì, èwo lẹ gbà gbọ́, kí sì nìdí?