AṢỌ TÍ INÁ KÒ LÈ JÓ

KÀ: Ẹ́sítérì 1:1-8; Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 9:36-41
ÀKỌ́SÓRÍ: 1 Kọ́ríńtì 3:13

Nígbà tí ọba Ahaswérúsì fẹ́ fi ọrọ̀ ìjọba rẹ̀ han àwọn ìjòyè, aṣọ wà lára ohun tí ó fi ṣe é. Wọ́n ta á yí àgbàlá ààfin ká. Àwọn ọba Yúróòpù náà ṣe bẹ́ẹ̀. Francis Kìíní, ọba ilẹ̀ Faransé, ra aṣọ ògiri 22 tí wọ́n hun ní Brussels láàárín ọdún 1532 sí 1535. Ìtàn ogun Scipio, ọ̀gágun Róòmù, ni ó wà lára wọn. Wọn kò kun àwòrán náà o. Híhun ni wọ́n hun ún, pẹ̀lú fọ́nrán wúrà àti fàdákà nínú rẹ̀. Bí ikọ̀ ọba mìíràn bá wọlé, kí ọba tó lanu, ògiri ti sọ bí ó ti lọ́lá tó.

Ọba kú ní 1547, aṣọ kù. Ní 1792, ìjọba bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọba Faransé. Ní 1797, ìjọba tuntun dáná sun àwọn aṣọ náà kí wọ́n lè rí wúrà àti fàdákà inú wọn kó. Olùfẹ́, kíyè sí i: wúrà tí ọba fi ń yangàn gan-an ni ó fa iná sí aṣọ náà lára.

Wá wo Dọ́kásì ní Jọ́pà. Aṣọ tirẹ̀ kò sí lára ògiri, ara àwọn opó ni ó wà. Lọ́jọ́ tí ó kú, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń fi aṣọ tí ó rán han Pétérù. Ọlọ́run sì jí i dìde.

Aṣọ dáradára kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ọlọ́run fúnra Rẹ̀ ní kí wọ́n fi aṣọ aláró àti elésèé àlùkò ṣe àgọ́ Rẹ̀. Ṣùgbọ́n ògo ta ni tìrẹ ń kéde? Owó tí o yá ra aṣọ ẹbí, ṣé o ti san án tán? Opó tí ẹ jọ ń jókòó nínú ìjọ ńkọ́, kí ni ó ti rí gbà lọ́wọ́ rẹ? Iná ń bọ̀ wá dán iṣẹ́ oníkálukú wò. Ohun tí o ṣe fún ògo ara rẹ yóò jóná; èyí tí o ṣe nítorí Jésù yóò dúró.

KÓKÓ Ọ̀RỌ̀: Ohun tí a fi ń yangàn lè jóná, ohun tí a fi ṣe àánú kò ní parun.

ÀDÚRÀ: Baba, gbà mí lọ́wọ́ ayé àṣehàn. Jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ mi la iná já, ní orúkọ Jésù. Àmín.