Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Ìbọn Afẹ́fẹ́ Wo Ni Ká Rà?

Ẹ ka ẹ̀kọ́ yìí jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ jọ sọ̀rọ̀ lé e lórí nínú kíláàsì.

Ìtàn

Ká ní bàbá àgbẹ̀ kan wà ní ìletò kan lẹ́bàá Elavagnon. Ó kórè àgbàdo, ó kó o sínú àká. Kò pẹ́, eku wọ àká. Ikún sì ń wú ẹ̀pà rẹ̀ jẹ lóko. Inú bí bàbá yìí. Ó fẹ́ mú nínú owó òwú lọ ra ìbọn afẹ́fẹ́.

Ìyàwó rẹ̀ ní: "Bàbá wọn, ìdí àká yẹn làwọn ọmọ wa ti ń ṣeré. Ẹ jẹ́ ká bi olùkọ́ wa kí owó tó jáde."

Ní alẹ́, wọ́n lọ sí kíláàsì. Olùkọ́ kí wọn tán, ó ní: "Bàbá, ìbéèrè mẹ́ta ni mo ní. Kí lẹ fẹ́ pa? Báwo ló ṣe jìnnà sí yín? Kí ló wà lẹ́yìn rẹ̀? Ẹni tí kò bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó má tíì ra ìbọn."

Kí lẹ fẹ́ pa?

Ìbọn afẹ́fẹ́ kì í ṣe ìbọn ẹ̀tù. Ọta rẹ̀ kéré. Eku àti ikún ni agbára rẹ̀ ká. Ọ̀yà tóbi jù fún un. Bí ọta bá bà á, ó lè sá wọ igbó pẹ̀lú ọgbẹ́, kó máa jẹ̀rora níbẹ̀.

Ẹ̀gà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ló máa ń wá lẹ́ẹ̀kan. Tí a bá pa ọ̀kan, àwọn tó kù á fò lọ, wọ́n á sì padà wá. Ìbọn kò lè tán ẹ̀gà.

Ẹ má ṣe yìnbọn fún òwìwí. Òwìwí kò jẹ àgbàdo. Eku ló ń pa jẹ lóru. Alágbàṣe tí kò gba owó ni.

Oríṣi ìbọn afẹ́fẹ́

*Èkíní* ni ti sípíríǹgì. Tí a bá ṣẹ́ ọ̀pá ìbọn wálẹ̀, sípíríǹgì á ká jọ. Tí a bá fa okùnfà, á tú jáde, á sì ti afẹ́fẹ́ lu ọta. Kò ní wa lára láti ra gáàsì. Ṣùgbọ́n tí a bá ká a sílẹ̀ fún wákàtí púpọ̀, sípíríǹgì á dẹ̀.

*Èkejì* dà bí èkíní, ṣùgbọ́n gáàsì tí a dé pa sínú ìbọn ló wà dípò sípíríǹgì. Ẹ mú pọ́ọ̀ǹpù kẹ̀kẹ́, ẹ fi ìka dí ẹnu rẹ̀, kí ẹ wá tì í. Ṣé ẹ rí i bó ṣe ń ta yín padà? Bí gáàsì yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Kì í gbọ̀n tó ti sípíríǹgì. A kì í ra gáàsì sí i. Ṣùgbọ́n tí gáàsì bá jò, alágbẹ̀dẹ abúlé kò lè tún un ṣe. Odindi ohun tó gba gáàsì náà dúró la máa pààrọ̀.

*Ẹ̀kẹta* ń lo àgòlò gáàsì kékeré. Gíráàmù 12 ni gáàsì tó máa ń wà nínú ọ̀kan. Tí a bá ń yìn ín léraléra, gáàsì á tutù, agbára á sì dínkù. Àgòlò yìí kò gbọdọ̀ wà nínú oòrùn tàbí lẹ́bàá iná, torí ó lè bẹ́. Tó bá tán, ṣé a máa rí òmíràn rà nítòsí?

*Ẹ̀kẹrin* ni èyí tí a ń rọ afẹ́fẹ́ sí. Ó lágbára, ó sì dúró dáadáa lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó wọ́n. Ó sì tún fẹ́ pọ́ọ̀ǹpù tirẹ̀. Ti kẹ̀kẹ́ kò lè ṣe é.

Fún àgbẹ̀ tó jìnnà sí ìlú ńlá, èkíní tàbí èkejì ló rọrùn jù.

Báwo ló ṣe jìnnà?

Ìwọ̀n ọta méjì ló wọ́pọ̀. Ti mìlímítà 4.5 ni wọ́n fi ń ta àmì. Ti mìlímítà 5.5 wúwo jù, òun ló dára fún eku àti ikún. Níbi ìdíje Òlíńpíìkì, mítà 10 ni wọ́n fi ń jìnnà sí àmì. Ọdún 1984, ní Los Angeles, ni ìbọn afẹ́fẹ́ kọ́kọ́ wọ ìdíje náà.

Ẹ̀yin náà, ẹ ṣe báyìí. Ẹ fi ìdérí ìgò bíà fa òbìrí sára bébà. Ẹ gbé bébà náà síwájú òkìtì yẹ̀pẹ̀. Ẹ dúró ní mítà 10, ẹ yin ọta márùn-ún. Tí gbogbo rẹ̀ bá wọ òbìrí, ẹ sún sẹ́yìn sí mítà 15, lẹ́yìn náà mítà 20. Ibi tí ọta kan bá ti kọ́kọ́ yẹ̀, agbára yín kò dé ibẹ̀. Ẹ má yìnbọn fún ẹran láti ibẹ̀.

Kí ló wà lẹ́yìn rẹ̀?

Ọta tó tàsé ṣì ń lọ. Ó lè rìn ju 200 mítà lọ. Ó lè fọ́ ojú ènìyàn. Ó lè pa ọmọdé. Nítorí náà:

1. Ẹ má yìnbọn sí ara àká, páànù, òkúta tàbí omi. Ọta lè ta padà.
2. Ẹ má kọ ẹnu ìbọn sí ẹnikẹ́ni, bí kò tilẹ̀ sí ọta nínú rẹ̀.
3. Tí ẹ bá ń fi ọta sí i, ẹ di ọ̀pá ìbọn mú ṣinṣin. Ó lè ta padà gé ìka.
4. Òjé ló wà nínú ọ̀pọ̀ ọta, májèlé sì ni. Ẹ má fi sẹ́nu. Ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun.
5. Ẹ ti ìbọn mọ́ àpótí. Ẹ tọ́jú ọta síbòmíràn.

Òfin

Ìbọn afẹ́fẹ́ kì í ṣe ohun ìṣeré. Ní Nàìjíríà, òfin ìbọn ti ọdún 1959 kà á mọ́ àwọn ìbọn tí a gbọdọ̀ gba ìwé àṣẹ fún. Ní Togo, kí ẹ tó sanwó, ẹ kọ́kọ́ béèrè ní ọ́fíìsì préfet. Elavagnon ni olú ìlú préfecture Est-Mono, nítorí náà kò jìnnà sí wa.

Ìparí ìtàn

Bàbá ronú. Eku tó wà nínú àká, àwọn ọmọ ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìbọn kò wúlò níbẹ̀. Ó gbé àká ga ní mítà kan, ó fi páànù tó ń dán wé ẹsẹ̀ rẹ̀ kí eku má bàa gùn ún. Ó gé igbó tó yí i ká. Ìyẹn kò gbà ju owó díẹ̀ lọ.

Ti ikún oko ló kù. Òkìtì yẹ̀pẹ̀ ńlá wà lẹ́yìn oko ẹ̀pà, ẹnikẹ́ni kì í gba ibẹ̀. Bàbá ní: "Lọ́la, màá lọ béèrè lọ́dọ̀ préfet."

Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní: "Ẹ máa lọ. Títí ẹ ó fi dé, ọwọ́ mi ni owó òwú máa wà."

Ìbéèrè

1. Ìbéèrè mẹ́ta wo ni olùkọ́ bi bàbá?
2. Kí ló dé tí a kò fi gbọdọ̀ pa òwìwí?
3. Kí ló dé tí bàbá kò fi yìnbọn nídìí àká?
4. Ẹnìkan ra ọta 500. Ó ń yin 20 lójoojúmọ́. Ọjọ́ mélòó ni yóò fi tán?
5. Ẹ kọ orúkọ ẹranko tó ń ba oko yín jẹ́. Èwo ni a lè lé láìlo ìbọn? Ẹ sọ bí a ṣe máa ṣe é.