Àgbà Tí Ìwà Rẹ̀ Ṣàdédé Yí Padà: Ẹ̀ṣẹ̀ Ni àbí Àìsàn?

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n ń sọ ọ́. Bàbá tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí onítìjú á dédé máa sọ ìsọkúsọ sí ìyàwó ọmọ rẹ̀. Ìyá àgbà á máa bọ́ra sílẹ̀ níwájú àlejò. Àwọn kan á ní ìwà tó ti ń fi pa mọ́ ló tú síta. Àwọn mìíràn á ní àlùjọ̀nnú ni. Ìtìjú á mú kí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, àìsàn tí à bá tètè wò á sì máa jinlẹ̀.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú dání ni pé bí ìwà ìbálòpọ̀ àgbà bá yàtọ̀ pátápátá sí èyí tí a mọ̀ ọ́n mọ́, kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò kí á tó dá a lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n kí àánú rẹ̀ má ṣe jẹ́ kí á gbàgbé àwọn tí ó wà nítòsí rẹ̀.

Kí ló ń fà á?

Apá iwájú ọpọlọ ni ìjánu ìwà ẹ̀dá wà. Òun ni ó ń kìlọ̀ fún wa pé ọ̀rọ̀ kan kò yẹ ní sísọ. Bí àìsàn bá ba ibẹ̀ jẹ́, ìjánu á já.

Àkọ́kọ́ ni àìsàn ọpọlọ àgbà tí àwọn dókítà ń pè ní dementia. Ẹ̀yà rẹ̀ kan wà tí ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún 45 sí 65. Iyè ẹni náà lè ṣì pé, ìwà ni yóò kọ́kọ́ bàjẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé àìsàn òyìnbó ni dementia. Ní 1992, àwọn oníṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ní Indianapolis, Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé àwọn àgbà ẹni ọdún 65 sókè ní Ìdìkàn, Ìbàdàn, àti àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 fi hàn pé ó ń mú bíi 13 tàbí 14 nínú 1,000 lọ́dún ní Ìbàdàn, ó sì ń mú bíi 32 ní Indianapolis. Tiwa kéré, ṣùgbọ́n ó wà.

Èkejì ni àrùn rọpárọsẹ̀, tàbí kí ènìyàn fi orí gbá nínú ìjàǹbá ọ̀kadà.

Ẹ̀kẹta ni àìsàn ọpọlọ tí kì í jẹ́ kí ènìyàn sùn, tí ó ń mú kí ó máa sọ̀rọ̀ wàràwàrà, kí ó máa náwó nínàákúnàá, kí ara rẹ̀ sì máa fẹ́ ìbálòpọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìgbà ọ̀dọ́ ni ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, oògùn sì wà fún un.

Ẹ̀kẹrin ni oògùn fúnra rẹ̀. Pramipexole àti ropinirole, tí wọ́n ń lò fún àìsàn Parkinson tí ó ń mú ọwọ́ gbọ̀n, lè ru ìfẹ́ ìbálòpọ̀ tàbí tẹ́tẹ́ títa sókè. Ẹ má fi ọwọ́ ara yín dá a dúró. Dókítà ni yóò dín in kù tàbí pààrọ̀ rẹ̀.

Ìgbà mìíràn, ohun tí a rí kì í ṣe ti ìbálòpọ̀ rárá. Ẹni tí ó ń bọ́ṣọ lè jẹ́ pé ooru ń mú un, tàbí ìtọ̀ ń gbọ̀n ọ́n. Ẹni tí ó ń fọwọ́ kan abẹ́ rẹ̀, bóyá ó ń yún un ni. Nítorí náà, ẹ máa mú un lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lóòrèkóòrè, ẹ fi omi mímọ́ ṣan án, ẹ nu ún gbẹ, kí ẹ sì wọ aṣọ fífẹ̀ fún un.

Kí ni ẹ̀sìn sọ?

Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kọ́ wa pé a kò kọ ẹ̀ṣẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí ó sùn títí yóò fi jí, fún ọmọdé títí yóò fi bàlágà, àti fún ẹni tí làákàyè rẹ̀ lọ títí yóò fi padà. Ó tún pàṣẹ pé kí á máa wá ìwòsàn. Àdúà àti oògùn kì í ṣe orogún.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo oníṣekúṣe ni aláìsàn. Ẹni tí ó ń dúró de ìgbà tí ilé bá dá, tí ó sì ń kìlọ̀ fún ọmọ pé kò gbọdọ̀ sọ, mọ ohun tí ó ń ṣe. Bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kan ọmọdé, ìbáà ṣe aláìsàn, kí á má parí rẹ̀ nínú ẹbí. Kí á gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, nítorí oògùn tí ó ń dènà kòkòrò HIV kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí 72. Kí á sì fi tó àwọn aláṣẹ létí. Lábẹ́ Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, ẹ̀wọ̀n gbére ni ti ẹni tí ó bá bá ọmọdé lòpọ̀.

Ohun tí a ó ṣe nínú ilé

1. Ẹ kọ ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, àti gbogbo oògùn tí ó ń lò.
2. Ẹ má lù ú, ẹ má dè é mọ́lẹ̀. Ẹ rọra gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò, kí ẹ fi nǹkan mìíràn sí i lọ́wọ́.
3. Kí ọmọkùnrin máa wẹ bàbá, kí ọmọbìnrin máa wẹ ìyá.
4. Kí ọmọdé má sùn sí yàrá rẹ̀, kí wọ́n má sì fi òun nìkan ṣọ́ ọmọ. Ẹ kọ́ ọmọ ní ìgbà mẹ́ta tí Súrà Núúr sọ pé kí wọ́n gba àyè kí wọ́n tó wọlé: ṣáájú ìrun Àsùbá, ìgbà ìsinmi ọ̀sán, àti lẹ́yìn ìrun Ìṣáì.
5. Àwọn àgbà inú ilé gbọ́dọ̀ mọ̀, àdúgbò kò níláti mọ̀. Bíbo àṣírí aláìsàn dára. Fífi ewu pa mọ́ kò dára.

Òṣogbo kò jìnnà sí wa: ilé ìwòsàn ńlá UNIOSUN wà níbẹ̀. Ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà ní Ilé-Ifẹ̀, ti Aró sì wà ní Abẹ́òkúta. Ní Aró ni Dókítà Adéoyè Lambo ti bẹ̀rẹ̀ ní 1954 sí í fi àwọn aláìsàn ọpọlọ wọ̀ sí àwọn abúlé ìtòsí pẹ̀lú ẹbí wọn, kí wọ́n máa ti ibẹ̀ wá gba ìtọ́jú. Ó mọ̀ pé ẹbí wà lára oògùn. Dementia kì í sábà lọ tán, ṣùgbọ́n a lè dín wàhálà rẹ̀ kù.

Fún ìjíròrò nínú ilé: Ta ni ọmọ wa lè sọ fún bí ara bá fu ú? Ta ni yóò sin àgbà wa lọ sọ́dọ̀ dókítà?

Kí Ọlọ́hun fún àwọn àgbà wa ní ìlera, kí Ó dáàbò bo àwọn ọmọ wa. Àmín.