Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ Ṣì Lè Ṣiṣẹ́

Ẹ jẹ́ ká sọ pé àwọn àgbẹ̀ kajú ní Goro ní ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ náà ní kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan. Àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè é ní ordinateur. Inú rẹ̀ ni orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ wà, àti iye kílò tí kálukú mú wá, àti gbèsè tó kù.

Ẹ̀rọ náà ti gbó. Ó ń lọ́ra bí ìgbín. Àwọn kan ní: «Ẹ jù ú nù.» Àwọn mìíràn ní: «Ẹ fi ètò tuntun sí i.» Ta ló sọ òótọ́?

Kí ni ètò yìí?

Ètò kan wà nínú kọ̀ǹpútà tí ń darí ohun gbogbo, bí baálé ṣe ń darí ilé. Windows jẹ́ ọ̀kan. Linux jẹ́ òmíràn.

Windows 10 jáde ní ọdún 2015. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Microsoft tó ṣe é parí ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ fún un. Ẹ̀rọ tó ń lò ó kò kú lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n àtúnṣe tí ń dí ihò mọ́ olè kò wá bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Gígábáìtì ni a fi ń wọn ìrántí kọ̀ǹpútà, bí a ṣe ń fi kílò wọn kajú. Windows 11 fẹ́ gígábáìtì 4, ó kéré tán. Ó tún fẹ́ ohun ààbò kan tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ kò ní. Linux Mint lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gígábáìtì 2, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 4 ló dára jù. Ọ̀fẹ́ ni. Ó sì gbọ́ Faransé. Nítorí náà, ẹ má tíì ju ẹ̀rọ yín nù.

Bí a ó ṣe ṣe é

1. Ẹ kọ́kọ́ ṣe àdàkọ gbogbo iṣẹ́ yín sórí clé USB kan. Ẹ ṣí i lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, kẹ́ ẹ rí i pé ó pé.

2. Ẹ wá clé kejì, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe gbé ètò tuntun sí i. Ohun tó wà lórí clé yìí tẹ́lẹ̀ yóò parẹ́. Ìdí nìyí tí clé fi gbọ́dọ̀ jẹ́ méjì.

3. Ẹ tan ẹ̀rọ láti orí clé kejì. Linux Mint gbà ká dán an wò ná. Ẹ wò ó bóyá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń ṣiṣẹ́, bóyá ìwé yín sì ń ṣí.

4. Ẹ yan àkókò tí iná dájú. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì kò ní bátìrì. Bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, ẹ̀rọ lè má tan mọ́, àfi ká tún un bẹ̀rẹ̀.

5. Ẹ̀rọ yóò bi yín bóyá kó pa ohun gbogbo rẹ́. Ẹ má kánjú o! Bí ẹ kò bá ṣe àdàkọ, orúkọ, kílò àti gbèsè lọ nìyẹn.

A lè rí kọ̀ǹpútà mìíràn rà lọ́jà. Ìwé gbèsè tó parẹ́, a kì í rí i rà.

Ìbéèrè

1. Kí ló dé tí a fi nílò clé méjì?
2. Ìrántí ẹ̀rọ kan jẹ́ gígábáìtì 3. Ṣé ó tó fún Windows 11? Ṣé ó tó fún Linux Mint?
3. Nínú ẹgbẹ́ yín, ibo ni ẹ pa àkọsílẹ̀ mọ́ sí? Ṣé ó ní àdàkọ?