Ẹ Mọ Ilé Kí Ẹ Tó Kó Èrò Wọ̀ Ọ́

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò lọ sí Mòrókò, mo ti rí àwòrán riad, ìyẹn ilé alágbàlá àtijọ́ tí wọ́n ń gba àlejò sí, tí ẹ fi ń fa ojú oníbàárà mọ́ra: orísun omi láàárín àgbàlá, igi ọsàn, táìlì wẹ́wẹ́ aláràbarà lára ògiri. Àwòrán yẹn ò parọ́. Àmọ́ kò sọ fún wọn pé mọ́tò kì í dé ẹnu ọ̀nà, kò sì ka àtẹ̀gùn fún wọn. Ẹ̀yin lẹ máa sọ ìyẹn, kí ẹ sì sọ ọ́ kí wọ́n tó sanwó.

Fez ni mo máa fi ṣàpẹẹrẹ, torí ibẹ̀ làwọn ọmọ Tijaniyyah ilẹ̀ wa ti ń ṣe sìyárà síbi ibojì Ṣéèhù Ahmad Tijani, tó jáde láyé lọ́dún 1815. Sáwíyà rẹ̀, níbi tí ibojì náà wà, wà nínú ìlú àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní mẹdínà, tí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé ní 1981. Takisí á já yín sílẹ̀ lẹ́nu ibodè. Bí ẹ bá gba Bab Bou Jeloud wọlé, èyí tí wọ́n kọ́ ní 1913, tó jẹ́ búlúù lóde, tó jẹ́ àwọ̀ ewé nínú, láti ibẹ̀ ẹsẹ̀ ló kù. Ọmọlanke ló ń kó ẹrù. Ẹ ti bá onílé sọ ọ́ ṣáájú kó rán ẹni tó máa pàdé yín, kí ẹ sì ti gbọ́ iye tí ọlọ́mọlanke máa gbà. Bí ọmọkùnrin kan bá ní ọ̀nà ti dí, pé kí ẹ máa tẹ̀ lé òun, ẹ kí i, kí ẹ máa bá tiyín lọ. Ọ̀rọ̀ kan sì wà tí èrò yín gbọ́dọ̀ mọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́: “Balak!” Tí wọ́n bá gbọ́ ọ lẹ́yìn, kí wọ́n yáa fara mọ́ ògiri. Ìbaaka tó ru awọ tàbí sìlíńdà gáàsì ló ń bọ̀, kì í sì í yà fún ènìyàn.

Tí ẹ bá dé ẹnu ilé, ẹ ò ní rí nǹkan kan. Ògiri gbalaja ni, kò sí fèrèsé, ilẹ̀kùn kékeré kan ló wà níbẹ̀. Àwọn àgbà inú èrò á máa wojú ara wọn, ẹlòmíì á bi yín bóyá ibi tí òun sanwó fún nìyí. Ẹ dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣílẹ̀kùn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà máa ń ṣẹ́ kọ́rọ́, kí ẹni tó dúró lóde má bàa rí inú ilé, ẹ̀yìn ìyẹn ni àgbàlá á là gbàrà, tí gbogbo yàrá kọjú sí i bí agbo ilé àwọn baba wa.

Níbí gan-an niṣẹ́ ti pọ̀. Inú àgbàlá ni fèrèsé gbogbo yàrá ṣí sí, ohùn ẹni kan sì lè jí gbogbo ilé. Ẹ mọ̀ wá, a kì í rọra sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Lọ́jọ́ kan, màmá kan nínú èrò mi kírun àsùbáà tán, ó jókòó létí omi, ó gbé fóònù lé táìlì, ó sì ń bá àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lójú kojú. Kò tíì kí ọmọ kejì tán tí òyìnbó kan fi yọrí lókè pẹ̀lú aṣọ oorun, òmíràn yọrí lódìkejì. Wọn ò bínú, wọ́n kàn ń wò ó. Orí òrùlé ni kí ẹ ní kí wọ́n ti máa pè. Ṣùgbọ́n ẹ kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má ya fọ́tò òrùlé aládùúgbò o: ibẹ̀ làwọn obìnrin ìlú náà ti ń gbatẹ́gùn láti ayé àtijọ́. Aṣọ tí wọ́n bá fọ̀, orí òrùlé náà ni kí wọ́n sá a sí, kì í ṣe ara igi kédárì tí wọ́n gbẹ́ lọ́nà yíká àgbàlá.

Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ fún ẹni tí orúnkún ń dùn. Àtẹ̀gùn wọn ga, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìsàlẹ̀ yìí náà ló tutù jù. Láti Oṣù Kejìlá sí Oṣù Kejì, òtútù òru ibẹ̀ kì í ṣe eré, nítorí náà ẹ béèrè bóyá ẹ̀rọ tó ń mú yàrá gbóná wà.

Ní ti oúnjẹ, ẹ sọ ti alẹ́ fún alásè láàárọ̀, torí ọjà ni yóò lọ. Kò ní sí ata níbẹ̀ bí àwa ṣe ń jẹ ẹ́. Kí ẹni tó bá gbé ata gígún dání bù ú sórí àwo ara rẹ̀. Kó má wọ ilé ìdáná alásè náà lọ bá a tún ọbẹ̀ sè.

Owó orí àlejò tún wà, alaalẹ́ ni wọ́n ń ṣírò rẹ̀ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó sì lè má sí nínú iye tí ẹ kọ́kọ́ san. Ẹ ti ṣẹ́ dirham sílẹ̀ fún un. Ọwọ́ obìnrin tó ń tún yàrá ṣe ni kí ẹ fi ọrẹ tirẹ̀ lé, torí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà làlejò sábà máa ń rántí.

Kí ẹ tó gba kọ́bọ̀ ẹnikẹ́ni lórí ilé kan, ẹ kọ́kọ́ lọ sùn níbẹ̀. Ẹni tí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kó máa kó èrò tirẹ̀ lọ sí òtẹ́ẹ̀lì.