Ẹ Má Kun Ìbọn Ìṣeré Ní Dúdú

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo ń ti ọjà Ìpọ̀nrí ní Èkó bọ̀, iṣu wà lọ́wọ́ mi. Bí mo ṣe gun àtẹ̀gùn ilé wa dé àárín, mo rí ẹnì kan tó ba mọ́ ẹ̀yìn ògiri, ìbọn dúdú lọ́wọ́ rẹ̀. Àyà mi já. Iṣu ti bọ́ lọ́wọ́ mi kí n tó rí i pé páìpù omi ni ẹnu ìbọn náà, rọ́bà ni wọ́n fi dè é nídìí, ọmọ aládùúgbò wa tó jẹ́ ọmọ ọdún 14 ló sì dì í mú. Ó bá mi he iṣu. "Ẹ má bínú, Dádì. Èmi ni mo ṣe é o!" Inú rẹ̀ dùn débi pé n kò lè bá a wí.

Mo gbà á, mo yẹ̀ ẹ́ wò. Ìbọn tó ń yin ọta fóòmù ni, èyí tí wọ́n rà fún un nígbà Kérésìmesì. Ó ti tú u palẹ̀, ó yọ sípíríǹgì tó bá a wá, ó fi èyí tó le jù ú lọ dípò, ó ki páìpù sí i lẹ́nu, ó wá kùn ún ní ọ̀dà dúdú látòkè délẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni. Àwa náà ṣe irú ẹ̀ nígbà tiwa. A máa ń ki abẹ́rẹ́ bọ orí ẹyọ igi ìgbálẹ̀ kan, a ó fi bébà ṣe ìrù fún un, a ó sì máa sọ ọ́ mọ́ ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn la ń fojú sùn o, ṣùgbọ́n àpá rẹ̀ ṣì wà ní èjìká ẹnì kan nínú wa títí dòní.

Nítorí náà, n kò ní sọ pé kí ẹ gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ. Ọmọ tó ń tú nǹkan tó sì ń tò ó padà, iṣẹ́ ló ń kọ́. Lonnie Johnson, ọmọ Adúláwọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó ṣiṣẹ́ ní NASA, òun ló ṣe ìbọn omi Super Soaker tí gbogbo ayé mọ̀, ó sì tún lọ́wọ́ nínú ìbọn fóòmù Nerf. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ó se epo rọ́kẹ́ẹ̀tì nínú ìkòkò ìyá rẹ̀, ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ jó mọ́ wọn lórí. Ohun tí mo ní í sọ kò ju èyí lọ: ẹ ṣọ́ ohun tí ẹ ń fi kún nǹkan ìṣeré yín, nítorí gbogbo ohun tí ẹ bá fi kún un ló ń bu díẹ̀ kúrò lára ìṣeré náà.

Ẹ wo ti agbára ná. Ìbọn fóòmù tí kò tíì sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án máa ń yin ọta ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 70 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ bá sọ ìyára yẹn di ìlọ́po méjì, agbára tí ọta fi ń gbá ara di ìlọ́po mẹ́rin. Ojú ni mo ń bẹ̀rù jù. Ní 2017, àwọn dókítà ilé ìwòsàn ojú Moorfields ní Lọ́ńdọ̀nù kọ̀wé nípa ènìyàn mẹ́ta tí ọta fóòmù bà lójú, àgbà méjì àti ọmọ ọdún 11 kan. Ẹ̀jẹ̀ dà sínú ojú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Fóòmù lásán nìyẹn o. Tí ẹnì kan bá wá ki abẹ́rẹ́, ìṣó tàbí ẹnu báírò sí orí ọta, kò sí ohun tó kù níbẹ̀ tí à ń pè ní ìṣeré mọ́. Ẹ má ṣe é rárá. Ẹ má yìn ín sí ojú ẹnikẹ́ni, ẹ má sì yọjú wo ẹnu ìbọn láti mọ̀ bóyá ọta há síbẹ̀. Gọ́gù tí àwọn tó ń rẹ́ irin ń lò, ẹ rà á fún gbogbo ẹni tó bá máa ṣeré náà. Awò ìkàwé kò tó.

Bí ó bá ti wá ba ojú ńkọ́? Ẹ má fi ọwọ́ ra á, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún omi ọyàn tàbí ìtọ̀ sí i. Mo mọ̀ pé àwọn màmá àgbà kan á fẹ́ ṣe é, ẹ rọra bẹ̀ wọ́n. Ẹ gbé kọ́ọ̀bù bo ojú náà láìjẹ́ kó kan ẹyinjú, kí ọmọ jókòó, kó má dùbúlẹ̀ gbalaja, ẹ má fún un ní asipirín. Kí ẹ wá gbéra. Ibi ìtọ́jú ojú Guinness wà ní ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà, kò jìnnà sí wa. Bí ojú kò tilẹ̀ ro ó mọ́ lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ ṣì lọ.

Ti ọ̀dà dúdú ló gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Láti 1988 ni Amẹ́ríkà ti ṣòfin pé kí ẹnu ìbọn ìṣeré ní àmì aláwọ̀ ọsàn, kí ẹni tó bá rí i lè mọ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá 2014, ní ìlú Cleveland, ìbọn ìṣeré kan wà lọ́wọ́ Tamir Rice, ọmọ ọdún 12. Wọ́n ti yọ àmì ọsàn yẹn kúrò. Ọkọ̀ ọlọ́pàá dé, kò sì tó ìṣẹ́jú àáyá méjì tí wọ́n fi yìnbọn lù ú. Ó kú lọ́jọ́ kejì.

Ẹ wá gbé e wá sí Èkó. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọlọ́pàá ti kó àwọn adigunjalè tó ń fi ìbọn ìṣeré jalè síta fún gbogbo ayé wò. Ta ló máa dúró béèrè bóyá páìpù ni tiyín ní Costain lálẹ́? Bí ọlọ́pàá kò bá yìnbọn, àwọn èrò lè ti gbé táyà dé láti dáná sun ọmọ kí ìyá rẹ̀ tó gbọ́. Òfin pàápàá kò bá wọn ṣeré: òfin Nàìjíríà lórí ìdigunjalè ka ìbọn afẹ́fẹ́ mọ́ ohun ìjà. Ẹ má gbé e jáde sí títì, ẹ má nà án sí ọlọ́kadà tàbí àlejò, ẹ má gbé e lọ sílé ìwé. Inú ọgbà ni kí ẹ ti ṣe é, kí àwọn aládùúgbò mọ̀ nípa rẹ̀.

Bátìrì náà ní ewu tirẹ̀. Àwọn kan ń yọ bátìrì láptọ́ọ̀pù àlòkù, wọ́n ń fi í sínú ìbọn wọn kó lè yára. Bátìrì yẹn lè gbiná bí wáyà méjì bá fẹnu kora. Èyí tó bá ti wú, ẹ má fi ṣe nǹkan kan, ẹ má sì sùn sílẹ̀ kí bátìrì máa gba iná. Páìpù omi tí wọ́n ń fi pọ́m̀pù kẹ̀kẹ́ rọ afẹ́fẹ́ sí, ẹ fi sílẹ̀, torí bó bá bẹ́, àfọ́kù rẹ̀ ń gún ni bí ìgò. Ìṣáná àti bángà kò gbọ́dọ̀ sí nínú eré yìí rárá.

Èmi àti ọmọ náà dá sípíríǹgì tó bá ìbọn rẹ̀ wá padà sí i. Ọ̀dà dúdú ni kò fẹ́ fi sílẹ̀. Mo lọ bu ọ̀dà díẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń kun ọkọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, yẹ́lò ló ní. Ọmọ kùn ún tán, ó gbé e sókè, ó ń wò ó bíi kó sunkún.

"Dádì, ẹ ti sọ ọ́ di dánfó."